Téèpù Kò Dé Inú Àgùntàn

Ilé Bàbá Caleb,
Igbógílà.
11 Oṣù Kejì, 2024.

Màmá mi ọ̀wọ́n,

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú pé mo gbójúgbóyà kọ lẹ́tà yìí. Ẹ ti sọ fún mi pé kí n gbájú mọ́ ìwé, kí n fi ọ̀rọ̀ àgbà sílẹ̀ fún àgbà, ọ̀rọ̀ àgbà gan-an ni mo sì fẹ́ sọ. Mo ti kọ ọ́, mo ti fà á ya, mo tún wá jókòó tì í. Tí ó bá jẹ́ àfojúdi, ẹ bá mi wí, àmọ́ ẹ kọ́kọ́ kà á tán.

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ kú àárò ilé. Ṣé orúnkún yín ti sàn díẹ̀? Ṣé madáàmù tí ẹ ń bá ṣiṣẹ́ ń jẹ́ kí ẹ sinmi lọ́jọ́ Àìkú?

Ìwé ni mo kọ nítorí kò sí bí mo ṣe lè sọ ọ́ lórí fóònù. Tí ẹ bá ti pè, fóònù Bàbá Caleb, ẹ̀gbọ́n yín, ni ẹ ń pè sí, wọ́n á sì fi sí sípíkà kí gbogbo ilé lè kí yín. Tèmi ṣì wà lọ́dọ̀ ẹni tó ń tún un ṣe. Ẹ̀yin náà, fóònù madáàmù lẹ fi ń pè, òun náà á sì dúró tì yín. Bàrúwà, dẹ́rẹ́bà tó ń ná Ìdí-Ìrókò sí Kọ̀tọ̀nù, ló ní òun mọ obìnrin kan tó ń kó ẹja gbígbẹ lọ sí Libreville lọ́dọ̀ yín, òun yóò fi lẹ́tà náà lé e lọ́wọ́.

Ìwé mi ń lọ. Tí a bá wà ní kíláàsì ní Ayétòrò, ó máa ń dà bí ẹni pé gbogbo àwọn tó kù ti gbọ́ ẹ̀kọ́ náà rí, èmi nìkan ni mo ń gbọ́ ọ fún ìgbà àkọ́kọ́. Mo máa ń rò pé bóyá wọ́n ṣèèṣì mú mi ni. Ṣùgbọ́n ohun kan wà tí mo mọ̀ dáadáa nínú ohun tí wọ́n kọ́ wa: bí a ṣe ń mọ ìwọ̀n àgùntàn láìgbé e sórí òṣùwọ̀n. Téèpù télọ̀ la fi ń ṣe é. A ó jẹ́ kí ẹran dúró ṣinṣin lórí ẹsẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, a ó fi téèpù yí àyà rẹ̀ ká lẹ́yìn ẹsẹ̀ iwájú, a ó tún wọn gígùn rẹ̀ láti èjìká dé egungun ìdí. A ó wá ṣe ìṣirò kan, ohun tó bá jáde ni kílò rẹ̀.

Èmi ni mo fi ẹnu ara mi sọ ọ́ nídìí oúnjẹ. Mo fẹ́ kí Bàbá Caleb rí i pé ẹ̀kọ́ tí mò ń kọ́ kì í ṣe lásán. Wọ́n ní irọ́ ni. A mú àgbò kan, mo wọ̀n ọ́n, wọ́n gbé e lọ sọ́dọ̀ àwọn tó ń ra kajú, òṣùwọ̀n wọn sì fẹ́rẹ̀ẹ́ bá tèmi dọ́gba. Láti ọjọ́ náà wọ́n ń pè mí ní Dókítà Àgùntàn, láti ilé dé ṣọ́ọ̀ṣì.

Ibẹ̀ ni wàhálà ti bẹ̀rẹ̀. Ẹ rántí pé abo àgùntàn mẹ́ta lẹ fún wọn sìn kí ẹ tó lọ, pé tí wọ́n bá bímọ, ẹ ó mú ọ̀kan, àwọn náà ó mú ọ̀kan, bí wọ́n ṣe ń ṣe ẹran àgbàsìn. Láti ìgbà tí ẹ ti lọ, ẹnikẹ́ni ò tíì pín àwọn ọmọ náà. Wọ́n ti dàgbà, wọ́n ti kún ọgbà. Bàbá Caleb wá sọ pé tí Ọdún Àjíǹde bá kọjá, àwọn yóò pín wọn lójú Bàbá Kòkúmọ́, olórí ẹbí, àti pé kílò làwọn máa fi pín in, kì í ṣe orí. Wọ́n ní orí ló máa ń dá ìjà sílẹ̀, nítorí ọ̀kan á sanra, ọ̀kan á rù. Èmi ni mo máa di téèpù mú.

Màmá, wọ́n ti ya ẹran sọ́tọ̀. Àwọn àgbò tó sanra wà lápá ọ̀dọ̀ yín. Àwọn abo tó rù wà lápá tiwọn, wọ́n sì pọ̀ níye nítorí wọ́n fúyẹ́. Ṣùgbọ́n mo ti fọwọ́ kan ikùn àwọn abo náà. Wọ́n lóyún, gbogbo wọn. Ẹ̀yìn ẹsẹ̀ iwájú ni téèpù ń gbà kọjá, kò dé inú. Ọmọ inú sì ń jẹ ara ìyá rẹ̀, ìdí nìyẹn tí àyà wọn fi kéré. Bí mo bá wọ̀n wọ́n bí wọ́n ṣe kọ́ mi, ẹran pípa ni yóò jẹ́ tiyín, ẹran bíbí yóò jẹ́ tiwọn, yóò sì dà bí ẹni pé èmi ni mo pín in.

N kò mọ̀ bóyá wọ́n mọ̀ọ́mọ̀ ṣe é. Ta ni èmi tí n ó fi rò ó? Kí ni kí n ṣe?

Ọmọ yín,
Morádéyọ̀.


Libreville.
6 Oṣù Kẹta, 2024.

Morádéyọ̀, Àrìnpé ọmọ mi,

Mo kí ọ, mo kí gbogbo ilé. Lẹ́tà rẹ dé, ó ń rùn bí ẹja, mo ní láti sá a sórí okùn kí n tó lè kà á. Orúnkún mi wà bó ṣe wà. Madáàmù bí ọmọ mìíràn, nítorí náà kò sí ìsinmi ọjọ́ Àìkú fún ẹnikẹ́ni.

Ìwọ ọmọ yìí, ìwé ni mo ní kí o lọ kà, tàbí àgùntàn ni mo ní kí o máa fi téèpù yí lọ́rùn? Àwọn tó ń kọ́ yín, ṣé wọ́n mọ̀ pé ẹran ni wọ́n ń wọ̀n, àbí wọ́n fẹ́ rán aṣọ fún un? Ìyá wa kì í jẹ́ kí a ka ọmọ àgùntàn kó tó já lẹ́nu ọmú. Ẹ̀yin wá ń wọn èyí tí wọn ò tíì bí.

Ohun tí mo rí nínú lẹ́tà rẹ ni pé Ẹ̀gbọ́n mi fẹ́ ta àwọn ẹran náà. Bí kì í bá ṣe pé wọ́n fẹ́ tà á, kí ni wọ́n ń fi kílò ṣe? Bí wọ́n bá nílò nǹkan, kí wọ́n sọ fún mi. Ẹni tó gbé mi pọ̀n lọ sí ilé ìwé nígbà tí ẹsẹ̀ mi kán, wọn ò lè rẹ́ mi jẹ lórí ẹran. Má ro ibi sí wọn.

Èyí tí ẹsẹ̀ iwájú rẹ̀ funfun ńkọ́, ṣé ó wà lára àwọn tó lóyún? Ọ̀sẹ̀ tí mo kúrò nílé ni wọ́n bí i. Tí mo bá ń rántí ilé, òun ni mo máa ń rí, kì í ṣe ènìyàn. Mo ti sọ fún ara mi pé ọjọ́ tí ọmọ tirẹ̀ bá bímọ ni n ó dẹ́kun fífọ ìdí ọmọ ọlọ́mọ.

Ṣé o ń jẹun? Caleb sọ pé o rù. N ó béèrè ọ̀rọ̀ àwọn ẹran náà lọ́wọ́ wọn tí mo bá pè.

Ìyá rẹ.


Igbógílà.
19 Oṣù Kẹta, 2024.

Màmá mi,

Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta. Lónìí ni lẹ́tà yín tẹ̀ mí lọ́wọ́. Mo fẹ́ bẹ̀ yín pé kí ẹ má béèrè lórí fóònù, àmọ́ ẹ ti béèrè.

Lọ́jọ́ Àìkú tó kọjá, gbogbo wa wà ní pálọ̀. Ẹ kí wọn, wọ́n kí yín, inú wọn ń dùn. Lẹ́yìn náà ẹ wá bi wọ́n pé ṣé òótọ́ ni àwọn abo lóyún. Ẹ̀yin ò rí ojú wọn. Wọ́n yọ sípíkà kúrò, wọ́n gbé fóònù sétí, wọ́n sì bá yín sọ̀rọ̀ jẹ́jẹ́ títí ó fi já. Wọ́n wá yíjú sí mi, wọ́n béèrè ẹni tó sọ fún yín. Mo ní bóyá Bàrúwà ni. Ẹ wo irọ́ tí mo pa mọ́ ọmọ ọlọ́mọ. Wọ́n ní láti òní lọ Bàrúwà ò gbọdọ̀ yà sílé àwọn mọ́, nítorí náà ìdí igi kajú tó wà lẹ́bàá ọ̀nà ni mo ti ń fún un ní lẹ́tà báyìí.

Wọn ò fẹ́ tà á, Màmá. Wọ́n fẹ́ pín in ni. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ tún lẹ́tà mi àkọ́kọ́ kà.

Wọn ò bá mi jà. Ìyẹn gan-an ló ń dẹ́rù bà mí. Oúnjẹ mi wà níbi tó máa ń wà. Màmá Caleb nìkan ló sọ pé yàrá tí mò ń sùn yìí, àwọn kan ti tọrọ rẹ̀ rí tí wọn ò rí i gbà. Wọn ò sọ ju bẹ́ẹ̀ lọ, wọ́n sì ń ṣa ẹ̀wà lọ.

Ohun kan wà lọ́kàn mi tí n ò lè bi olùkọ́ mi. Bí mo bá dẹ téèpù díẹ̀ lára àwọn aláboyún, bí ìwọ̀n ìka méjì péré, kílò wọn yóò pọ̀ sí i, wọn ò ní lè kó gbogbo wọn sápá kan. Mo ti gbìyànjú rẹ̀ lára ọ̀kan nígbà tí kò sẹ́nì kankan nílé. Ó ṣeé ṣe. Nọ́ńbà náà yóò jẹ́ irọ́, àmọ́ ìpín náà yóò jẹ́ òótọ́. Bí mo bá sì wọ̀n ọ́n dáadáa, nọ́ńbà yóò jẹ́ òótọ́, ìpín ni yóò jẹ́ irọ́. Ọ̀nà kẹta ni pé kí n la ẹnu mi lójú àwọn àgbà, ìyẹn ni mo sì ń bẹ̀rù jù.

Bẹ́ẹ̀ ni o, ẹlẹ́sẹ̀ funfun wà lára wọn. Ikùn rẹ̀ ló tóbi jù.

Ẹ tètè dá mi lóhùn. Ẹ kàn sọ èyí tó yẹ kí n ṣe, n ó ṣe é.

Morádéyọ̀.


Ayétòrò.
9 Oṣù Kẹrin, 2024.

Màmá mi,

Ẹ kú ilé, ẹ kú ọ̀nà jíjìn. Mo ti ń lọ dúró dè Bàrúwà nídìí igi kajú, ọwọ́ òfìfo ló ń dé. Àwọn àgbà ò dúró dè mí. Ẹ wo àdírẹ́sì tó wà lókè, ẹ ó mọ̀ pé nǹkan ti ṣẹlẹ̀.

A pín in ní Sátidé tó kọjá. Bàbá Kòkúmọ́ jókòó sórí àga lábẹ́ òrùlé ọgbà, wọ́n ń ṣe yẹ̀yẹ́ pé ṣé àwọn náà kò ní jẹ́ kí n wọn àyà àwọn kí àwọn tó kú, kí àwọn ọmọ àwọn lè mọ bí wọ́n ṣe máa pín àwọn. Gbogbo ènìyàn rẹ́rìn-ín. Caleb ń mú ẹran lórí, mò ń fi téèpù yí i, Bàbá Caleb fúnra wọn ń fi ṣọ́ọ̀kì kọ kílò sára ògiri. Àwọn àgbò kọjá. Ó wá kan àwọn abo. Mo wọn ọ̀kan, mo pe nọ́ńbà rẹ̀ bó ṣe wà. Mo wọn èkejì. Ọwọ́ mi fẹ́ dẹ téèpù, Màmá, mo bá a jà, kò dẹ̀. Nígbà tó kan ẹlẹ́sẹ̀ funfun, ọmọ inú rẹ̀ ta mí nípàá ní apá. N kò mọ ìgbà tí ẹnu mi là.

Mo ní, "Bàbá, ẹ jọ̀ọ́ sà, téèpù yìí ò dé inú. Àyà nìkan ló mọ̀. Àwọn wọ̀nyí lóyún."

Bàbá Kòkúmọ́ ní kí n tún un sọ. Mo tún un sọ.

Bàbá Caleb gbé ṣọ́ọ̀kì sílẹ̀. Wọ́n béèrè pé ṣé ohun tí mò ń sọ ni pé àwọn fẹ́ rẹ́ àbúrò àwọn jẹ. Mo ní rárá sà. Wọ́n ní ó dára, bí mo bá fẹ́ ka èyí tó wà nínú, ẹ jẹ́ ká ka èyí tó wà nínú ilẹ̀ náà: àwọn ọmọ àgùntàn tó kú nígbà òtútù, tí àwọn fi ọwọ́ ara àwọn sin, ta ló wọ̀n wọ́n? Èèpo ẹ̀gẹ́ tí àwọn ń rù láti oko nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, títí ọrùn àwọn fi wọ́, kílò mélòó ni? Màmá, òótọ́ ni wọ́n sọ. N kò tíì rò ó rí.

Wọ́n wá sọ pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ pé, "Kó gbogbo aláboyún. Ti ìyá rẹ ni. Kó àwọn ìyá wọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta mọ́ ọn. Mi ò gba ẹran sìn fún ẹnikẹ́ni mọ́. Ẹni tó mọ inú àgùntàn tó báyìí, á mọ ohun tó ń jẹ."

Wọ́n ní àwọn ò lé mi o. Àwọn ẹran nìkan ni àwọn lé. Ṣùgbọ́n ta ni yóò tẹ̀ lé àwọn ẹran?

Ìyá Edith, ọmọ kíláàsì wa, ló ní ilé kan tí wọn ò tíì kọ́ parí ní Ayétòrò. Inú yàrá tí kò ní fèrèsé ni mò ń sùn, àwọn ẹran wà ní yàrá kejì. Bí mo bá lọ sí kíláàsì, wọ́n á já okùn, wọ́n á wọ inú ọgbà ẹ̀fọ́ ènìyàn. Bí mo bá dúró tì wọ́n, n ó pàdánù ìdánwò, mo sì ti pàdánù ọ̀kan. N kò lè tà wọ́n, tiyín ni. N kò lè fi wọ́n sílẹ̀. N kò lè padà. Ará àdúgbò kan béèrè lánàá bóyá Fúlàní ni mí. Mo rẹ́rìn-ín, mo wá wọlé lọ sunkún.

Ṣé mo ṣe dáadáa? Ẹ sọ fún mi pé mo ṣe dáadáa.

Morádéyọ̀.


Libreville.
11 Oṣù Kẹrin, 2024.

Àrìnpé,

Lẹ́tà rẹ ti oṣù tó kọjá ló ṣẹ̀ṣẹ̀ dé. Ẹlẹ́ja ṣàìsàn ní Kọ̀tọ̀nù, ó dì í mọ́ ẹrù rẹ̀. Mo gbàdúrà pé kí èyí bá ọ kí ẹ tó pín in.

Mo ti tún ti àkọ́kọ́ kà. Ó ti yé mi. Nítorí náà fetí sílẹ̀ dáadáa. Má dẹ téèpù. Má sì la ẹnu. Yí i mọ́ àyà bí wọ́n ṣe kọ́ ọ, pe nọ́ńbà, kí o sì dákẹ́.

Ìwọ rò pé n kò mọ̀? Ẹni tó bá fi ẹran sílẹ̀, tó kọjá òkun, ó mọ̀ pé ohun tí yóò bá nílé kọ́ ni ohun tó fi sílẹ̀. Kì í ṣe àgùntàn ni mo fún Ẹ̀gbọ́n mi sìn. Ìwọ ni. Àgùntàn ni mo fi bò ó lójú, kí wọ́n má baà sọ pé mo gbé ọmọ lé àwọn lọ́rùn lọ́fẹ̀ẹ́. Wọn ò ní béèrè ohunkóhun lọ́wọ́ mi lórí rẹ láé, wọ́n ju bẹ́ẹ̀ lọ, ṣùgbọ́n wọ́n lè mú aláboyún. Jẹ́ kí wọ́n mú un. Gbogbo ọmọ tí ó bá bí, owó òrùlé tó wà lórí rẹ ni mo kà á sí.

Àní ẹlẹ́sẹ̀ funfun. Òun náà.

Má rò pé o pa irọ́. Ọ̀rọ̀ tí àgbà bá ní kí ọmọdé má sọ, ọrùn àgbà ló wà.

Ìyá rẹ.


Igbógílà.
14 Oṣù Karùn-ún, 2024.

Màmá mi,

Ẹ kú àtijọ́. Mo mọ̀ pé lẹ́tà tí mo kọ láti Ayétòrò ti dé ọ̀dọ̀ yín báyìí, ọkàn yín ò sì ní balẹ̀. Ẹ wo òkè lẹ́tà yìí. Mo ti padà sílé.

Nígbà tí mo ka lẹ́tà yín, mo jókòó sílẹ̀ láàárín àwọn ẹran náà. Mo bínú sí yín díẹ̀. Ẹ dárí jì mí. Bí ẹ bá ti sọ ọ́ fún mi kí ẹ tó lọ, pé èmi ni ẹran àgbàsìn náà, ǹ bá ti mọ irú ẹnu tó yẹ kí n ní.

Ọjọ́ kejì mo lọ bá Bàbá Caleb, mo kúnlẹ̀. Mo ní kí wọ́n jọ̀ọ́ gba àwọn ẹran padà, kí ìpín wà bí wọ́n ṣe kọ́kọ́ ṣe é. Wọ́n béèrè ohun tí a ó sọ fún Bàbá Kòkúmọ́. Mo ní kí wọ́n sọ pé mo ṣi ìṣirò.

Wọ́n ní, "Èmi kọ́ ni n ó sọ ọ́. Ẹnu tó sọ ti àkọ́kọ́ ni yóò sọ ti èkejì."

Bẹ́ẹ̀ la ṣe tún jókòó lábẹ́ òrùlé yẹn, gbogbo wa. Mo dìde, mo ní mo tọrọ àforíjì, akẹ́kọ̀ọ́ ọdún kìíní ni mí, mo ṣi ìṣirò ọjọ́ náà, nọ́ńbà téèpù ló tọ́. Bàbá Kòkúmọ́ wò mí títí.

Wọ́n ní, "Ṣé àwọn ẹran náà ò lóyún mọ́ ni?"

Àwọn kan rẹ́rìn-ín. Mo ní, "Wọ́n lóyún sà. Ṣùgbọ́n mo ṣi ìṣirò."

Wọn ò béèrè nǹkan mìíràn. Wọ́n ní kí wọ́n bá àwọn bu omi wá.

Àwọn ẹran ti padà sí ọgbà. Bàbá Caleb ló rìn wá kó wọn ní Ayétòrò pẹ̀lú Caleb, wọ́n sì pe ọ̀kọ̀ọ̀kan lórúkọ bí wọ́n ṣe ń jáde, ojú wọn ń dán bí ẹni tó rí ọmọ rẹ̀. Mo mọ̀ pé wọ́n fẹ́ràn wọn. Ìyẹn kò jẹ́ kí n lè bínú sí wọn tán. Yàrá mi wà bí mo ṣe fi í sílẹ̀. Wọ́n ti fi nẹ́ẹ̀tì ẹ̀fọn tuntun sí i, kò sì sẹ́ni tó sọ̀rọ̀ rẹ̀. Wọ́n ti dẹ́kun pípè mí ní Dókítà. Olùkọ́ mi gbà kí n tún ìdánwò yẹn ṣe.

Ní kíláàsì, wọ́n ní kí n wọn àgùntàn lójú gbogbo ènìyàn lọ́sẹ̀ tó kọjá. Ó jáde bó ṣe yẹ, àmọ́ kí n tó pe nọ́ńbà, mo wo ojú olùkọ́ ná, bóyá nọ́ńbà náà ni wọ́n fẹ́ gbọ́.

Ẹlẹ́sẹ̀ funfun bí lánàá. Ìbejì ni, abo ni méjèèjì, ẹsẹ̀ ọ̀kan funfun bíi ti ìyá rẹ̀. Bàbá Caleb ló pè mí kí n wá wò ó. Wọ́n gbé ọ̀kan fún mi, ó tutù, ó ń wá ọmú lára aṣọ mi. Wọ́n ní tí ẹ bá pè lọ́jọ́ Àìkú, àwọn yóò sọ fún yín fúnra wọn pé àgùntàn àwọn bí ìbejì.

Màmá, ẹ jọ̀ọ́, ohun tí mo fi kọ lẹ́tà yìí nìyẹn. Ẹ jẹ́ kí ó yà yín lẹ́nu. Ẹ bá wọn yọ̀, kí ẹ yọ̀ dáadáa, torí sípíkà yóò wà ní títàn, gbogbo wa la ó máa gbọ́. Ẹ má béèrè àwọ̀ ẹsẹ̀ wọn. Ẹ sì fi lẹ́tà yìí dáná kí madáàmù tó rí i. Ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni mọ̀ pé mo kọ ọ́, kódà Bàrúwà rò pé mo kàn ń kí yín ni.

Ọmọ yín,
Morádéyọ̀.